Ẹni Tí Ó Ń Gba Ẹjọ́ Ẹlòmíràn Rò: Ìtàn Ìgbésí Ayé Christopher Sapara Williams (1855–1915)

Ọjọ́ júbílì ìjọ wa ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, ti pé. Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ó tọ́ kí a rántí àwọn Fadá tí wọ́n gbé Ìhìn Rere wá, àti àwọn katikísìtì àtijọ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé. Ṣùgbọ́n júbílì kì í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún nìkan. Nínú Ìwé Léfítíkù, ọdún júbílì ni ọdún tí a ń dá ẹrú sílẹ̀, tí a sì ń dá ilẹ̀ padà fún ẹni tí ó ni ín. Ọdún ìdájọ́ òdodo ni. Nítorí náà ni a ṣe rò pé kò burú bí a bá kọ ìtàn agbẹjọ́rò kan sí àárín àwọn ìtàn ìyókù.

Nínú àwa ọmọ ìjọ yìí, nọ́ọ̀sì wà, agbẹ̀bí wà, olùkọ́ wà, awakọ̀ wà, akọ̀wé sì wà. Gbogbo wọn ni ó mọ ẹ̀rù kan tí wọn kì í fẹ́ sọ jáde, èyíinì ni ẹ̀rù ọjọ́ tí iṣẹ́ kò ní yọrí sí rere. Bí aboyún bá kú lọ́wọ́ agbẹ̀bí, kí a tó gbé òkú dé ilé, ìlú ti dá ẹjọ́ tán. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè wákàtí tí wọ́n gbé aláìsàn náà dé, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá oògùn wà ní ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ náà. Òótọ́ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọn kò bìkítà fún ẹ̀mí ènìyàn, ó sì yẹ kí irú wọn jíhìn. Síbẹ̀, àwọn baba wa ti kọ́ wa pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ta ni yóò wá dúró láàrin ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ àti ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn, kí òtítọ́ má baà sọnù? Iṣẹ́ agbẹjọ́rò nìyẹn, òun sì ni iṣẹ́ tí ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ará Èkó ń wá nínú ìwé ìjọ wa. Láti Ìfọ̀nyìn dé ibodè Ìgólò kò jìnnà, ẹni tí ó bá sì kọjá Ìgólò ti bọ́ sí Ìdírókò, ó ti wà lójú ọ̀nà Èkó nìyẹn. Nígbà tí ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kò tí ì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, tí ó pa ààlà sí àárín àwa àti àwọn ará wa. Ọ̀sà kan náà ni àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́ ń gbà tukọ̀ lọ sí Èkó. Ọmọ Yorùbá bí tiwa ni, ìtàn rẹ̀ sì jẹ́ ogún tiwa pẹ̀lú.

Ìbí rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

A bí Christopher Alexander Williams ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1855 ní ilẹ̀ Sàró. Ìran Ìjẹ̀ṣà ni baba rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí ó gbé ọmọ Ìjẹ̀ṣà dé Sàró: wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lẹ́rú, wọ́n ń tà wọ́n sínú ọkọ̀ òkun, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì ń gba díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ lójú omi, wọ́n ń kó wọn lọ sí Freetown. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Òyìnbó, tí àwọn ọmọ wọn sì ti kàwé. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn padà sí Èkó, àwọn ni a ń pè ní Sàró. Inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni Christopher ti jáde wá. Nígbà tí ó dàgbà, kò fi orúkọ Òyìnbó nìkan ṣe é. Ó so orúkọ ìdílé rẹ̀, Sapara, mọ́ Williams, kí gbogbo ayé lè mọ orísun rẹ̀.

Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní Inner Temple, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ àtayébáyé tí àwọn agbẹjọ́rò Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba àṣẹ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1879, wọ́n gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1888 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ilẹ̀ Nàìjíríà òní ní tí ó gba ìwé ẹ̀rí agbẹjọ́rò.

Ilé-ẹjọ́ Èkó ní ìgbà náà

Kí a baà lè mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, ẹ jẹ́ kí a wo bí ilé-ẹjọ́ Èkó ti rí. Òfin ọdún 1876 ni ó dá Ilé-ẹjọ́ Gíga sílẹ̀ níbẹ̀. Agbẹjọ́rò tí ó kàwé jáde kò pọ̀ rárá. Nítorí náà òfin náà fi àyè sílẹ̀ pé bí ènìyàn kan bá mọ ìwé díẹ̀, tí ó sì mọ òfin níwọ̀nba, adájọ́ lè fún un ní ìwé àṣẹ oṣù mẹ́fà láti máa gba ẹjọ́ rò. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, ó lè tún un gbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn akọ̀wé ṣe di agbẹjọ́rò, tí àwọn ará ìlú sì ń gbé ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ogún lé wọn lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wọn gbọ́n, wọ́n sì ṣe olóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣi iṣẹ́ ṣe, tí oko bàbá ẹnìkan sì bọ́ lọ nítorí àṣìṣe rẹ̀, kí ni a ó fi dá a lẹ́bi, níwọ̀n ìgbà tí a kò béèrè ìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó gbà á síṣẹ́?

Lójú tiwa, níhìn-ín ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Kò sí bí a ṣe lè sọ pé oníṣẹ́ kan kùnà bí a kò bá tí ì fi ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ lélẹ̀. Sapara Williams wọ ilé-ẹjọ́ yìí pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí ó péye, ó sì fi iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n tí a fi lè wọn ti àwọn ìyókù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kà á sí olórí láàrin àwọn agbẹjọ́rò Èkó, ipò náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú.

Ohun tí ó mú kí ó ta yọ ni pé ó mọ òfin méjì. Òfin ọdún 1876 náà pàṣẹ pé kí ilé-ẹjọ́ máa tẹ̀lé àṣà àti òfin ìbílẹ̀ níwọ̀n bí kò bá ti lòdì sí ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Ṣùgbọ́n òfin ìbílẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ẹnu àwọn àgbà ni ó wà, àti nínú ìṣe ìdílé. Ìmọ̀ òfin tí a kò kọ sílẹ̀ yìí ni àwọn tí ó mọ Sapara Williams gbà pé kò sí ẹni tí ó jù ú lọ. Bí adájọ́ Òyìnbó bá fẹ́ mọ ẹni tí ó ni ilé lẹ́yìn ikú bàbá, tàbí ohun tí olórí ìdílé lè tà àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ tà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà yìí lè ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè òfin Gẹ̀ẹ́sì, láìba ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Bí a ṣe ń gba oníṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni láti sọ dúdú di funfun. Ìwé Mímọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wa. Nínú Ìwé Dáníẹ́lì, a kà nípa Sùsánà, obìnrin olódodo tí àwọn àgbà méjì purọ́ mọ́. Ìjọ ènìyàn ti dá a lẹ́bi, wọ́n sì ti ń mú un lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ pa á. Dáníẹ́lì, ọ̀dọ́mọkùnrin, kò sunkún, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ya àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè igi tí wọ́n rí i lábẹ́ rẹ̀. Igi tí èkíní dárúkọ kọ́ ni èkejì dárúkọ. Báyìí ni irọ́ tú. Ìbéèrè kan ṣoṣo, tí a bi ní àkókò tí ó tọ́, ni ó gba ẹ̀mí là.

Bákan náà ni ẹjọ́ oníṣẹ́ rí. Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn àìbìkítà kan dókítà, agbẹjọ́rò rẹ̀ kò ní sọ fún ilé-ẹjọ́ pé aláìsàn náà kò kú. Ohun tí yóò béèrè ni pé: kí ni dókítà yìí mọ̀ ní wákàtí náà? Kí ni dókítà mìíràn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ì bá ṣe bí ó bá wà ní ipò rẹ̀? Ṣé ohun tí ó ṣe ni ó fa ikú, àbí àìsàn náà ti kọjá agbára ènìyàn? Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí pẹ̀lú ẹ̀rí ti sún mọ́ òtítọ́, yálà ìdáhùn náà gba dókítà náà sílẹ̀ tàbí ó dá a lẹ́bi.

Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fi ojú rí i pé ẹ̀sùn lè jẹ́ irọ́. Ní ọdún 1884 ni wọ́n sọ dókítà kan sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn èké tí obìnrin kan fi kàn án. Oṣù mẹ́jọ ni ó lò kí wọ́n tó mọ̀ pé kò jẹ̀bi, kí wọ́n sì tó dá a sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1885, àwọn dókítà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Medical Defence Union, láti máa wá agbẹjọ́rò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn tí a bá fi ẹ̀sùn kàn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Sapara Williams bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó.

Ọ̀rọ̀ dókítà kò jìnnà sí ilé tirẹ̀ náà. Àbúrò rẹ̀, Oguntola Sapara, tí ó fi orúkọ Williams sílẹ̀ pátápátá, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn dókítà àkọ́kọ́ nínú ìran wa. Nígbà tí ìgbóná ń pa àwọn ènìyàn, dókítà yìí wọ inú ẹgbẹ́ àwọn aborẹ̀ Ṣọ̀pọ̀ná ní ìkọ̀kọ̀ kí ó lè mọ ọ̀nà tí àrùn náà fi ń ràn ká. Ó tú àṣírí tí ó rí, ó sì jà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀gbọ́n ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ènìyàn, àbúrò ń dáàbò bo ara wọn. Àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ wọn lè mú kí àwọn alágbára bínú sí wọn.

Ẹjọ́ tí ó rò níwájú ìjọba

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1901, ìjọba yan Sapara Williams sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Àwọn Òyìnbó ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ìbò wọn sì ni ó ń borí. Síbẹ̀ ó gba ipò náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tún wọ ilé-ẹjọ́ mìíràn.

Ní ọdún 1903, ọ̀rọ̀ owó ibodè dé. Àwọn ọba àti ìjòyè wa ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ń kọjá nílẹ̀ wọn, èrò kan sì wà pé kí a fòpin sí i, kí ìjọba máa fún àwọn ọba ní owó dípò rẹ̀. Gómìnà William MacGregor béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ Sapara Williams, Charles Joseph George àti Dókítà Obadiah Johnson. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà pé kí owó ibodè dúró, kí a má baà dójú ti àwọn ọba. Wọ́n mọ̀ pé ọba tí ń jẹun lọ́wọ́ ìjọba kò lè sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba mọ́.

Ní ọdún 1905, nígbà tí ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé àwọn àbá lọ sí ọ́fíìsì tí ń ṣe àkóso àwọn ìlú tí wọ́n mú sìn. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Èkó fún kíkọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ kíyè sí i pé ohun kan náà ni ó tún ń béèrè: kí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ó le jù lọ ni ti ọdún 1909. Ìwé ìròyìn ti gbilẹ̀ ní Èkó nígbà náà. Láti ọdún 1891 ni John Payne Jackson ti ń tẹ Lagos Weekly Record, ìwé ìròyìn náà kì í sì í dákẹ́ bí ìjọba bá ṣe ohun tí kò tọ́. Ìjọba wá gbé òfin kan kalẹ̀ tí yóò máa fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá kọ tàbí sọ ohun tí ó lè mú kí àwọn ènìyàn kórìíra ìjọba. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn yìí.

Sapara Williams dìde, ó sì gba ẹjọ́ wọn rò. Ó fi yé ìgbìmọ̀ náà pé òmìnira ìwé ìròyìn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ẹ̀tọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn dúró lé. Ó sọ pé ìṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba kò sí nínú ìwà Yorùbá, àti pé a kò nílò irú òfin bẹ́ẹ̀. Ó sì tún rí ohun tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó kìlọ̀ pé ìjòyè ìjọba kan lè dé lọ́la tí ara rẹ̀ kò ní gba ìbáwí, tí yóò máa rí ọ̀tẹ̀ nínú gbogbo àríwísí, tí yóò sì máa rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbogbo ìpàdé ará ìlú.

Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1909, òfin náà kọjá.

Ikú rẹ̀ àti ohun tí ó tẹ̀ lé e

Sapara Williams kò fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀ àti nínú ilé-ẹjọ́, títí Ọlọ́run fi pè é ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1915. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ohun tí ó kìlọ̀ rẹ̀ ṣẹ. James Bright Davies, olóòtú ìwé ìròyìn Times of Nigeria, arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, dé iwájú ilé-ẹjọ́ nítorí ohun tí ó kọ nípa ìjọba. Wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹni tí ì bá sì dìde fún un ti wà nínú ibojì.

Ǹjẹ́ asán wá ni gbogbo làálàá rẹ̀ bí? A kò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní ọdún 1909 kò parẹ́. Àwọn tí ó jà fún òmìnira lẹ́yìn rẹ̀ ń tọ́ka sí i. Bákan náà ni ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ di títì. Ní ọdún 1968, ọ̀rọ̀ dókítà kan dé iwájú Ilé-ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ tí ń bá àwọn dókítà wí ti dá a lẹ́bi, wọ́n sì ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ fagi lé ìdájọ́ ìgbìmọ̀ náà, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí ó rí ẹ̀rí tí wọ́n ní sí i bí ó ti yẹ, àti nítorí pé ẹ̀sùn tí ó bá jẹ mọ́ ọ̀ràn dídá, ilé-ẹjọ́ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé oníṣẹ́ lè jẹ̀bi, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ dá a lẹ́bi nínú òkùnkùn.

Ẹ̀kọ́ fún àwa ọmọ ìjọ

A kò kọ ìtàn yìí láti sọ Sapara Williams di ẹni mímọ́. Ìjọ nìkan ni ó ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ó sì ti fún àwọn agbẹjọ́rò ní alágbàwí tiwọn, Saint Yves ti ilẹ̀ Bretagne, àlùfáà tí ó ń gba ẹjọ́ àwọn tálákà rò láìgba owó, tí ó kú ní ọdún 1303, tí Ìjọ sì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní ọdún 1347. A kọ ọ́ nítorí ohun mẹ́ta.

Èkíní ni fún àwa tí a máa ń fi ẹ̀sùn kan ẹlòmíràn. Ẹkún ẹni tí ènìyàn rẹ̀ kú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí ikú náà ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó béèrè kí ó tó dájọ́. Nínú Ìhìn Rere Jòhánù, nígbà tí àwọn Farisí fẹ́ dá Olúwa wa lẹ́bi láìgbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, Nikodémù nìkan ni ó bi wọ́n bóyá òfin wọn gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà. Síbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ni a ń rántí.

Èkejì ni fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́. Ààbò àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ ní ni ìmọ̀ rẹ̀, èkejì ni òtítọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sínú ìwé ní wákàtí tí ẹ ṣe é. Ẹ má ṣe yí ìwé padà lẹ́yìn tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀. Bí ẹ bá ṣi iṣẹ́ ṣe, ẹ jẹ́wọ́. Kò sí agbẹjọ́rò tí ó lè gba ẹni tí ó ti fi irọ́ ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni fún ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni ẹ ó borí. Sapara Williams pàdánù èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ. Ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́ jáde níbi tí wọ́n ti lè kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn sì rí i kà. Bí ẹ bá ti dìde fún ẹni tí kò ní olùgbèjà, ẹ ti ṣe iṣẹ́ yín.

Olúwa wa fi Ẹ̀mí Mímọ́ fún wa gẹ́gẹ́ bí Alágbàwí, kí a má baà dá dúró ní ọjọ́ ìdájọ́. Kí Ẹ̀mí kan náà kọ́ wa láti máa dúró ti ara wa nínú ọdún júbílì yìí, kí ìjọ wa ní Ìfọ̀nyìn lè jẹ́ ibi tí a ti ń gbọ́ tẹnu ẹnìkejì kí a tó dájọ́. Nípa Krístì Olúwa wa. Àmín.